Àwòrán Bàbá Táyọ̀ Lára Ògiri

Iṣẹ́ Adéwọlé ní ẹ̀ka yunifásítì kan ní Barking nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ju kó ṣí yàrá, kó to àga, kó sì ti yàrá náà pa nígbà tí àwọn tó lò ó bá lọ tán. Ó ti ń ṣe é bọ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ẹni tó bá fẹ́ ogójì àga tó kọjú sí pátákó, òun ló máa wá. Ẹni tó bá fẹ́ méjìlá tó yí po bíi ti àwọn tó fẹ́ gbàdúrà, òun náà ni. Àwọn olùkọ́ ń pè é ní Mr Ade. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí òbí wọn wá láti Nàìjíríà ń pè é ní Uncle. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ Aládùúrà tó ń lọ ní Dagenham, Bàbá Táyọ̀ ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí Èyítáyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Èyítáyọ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Leeds. Magdalene tó jẹ́ ìyá rẹ̀ ti kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ilé Adéwọlé ní Goresbrook wá dákẹ́ rọ́rọ́. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ kóòtù ni yóò ti tan tẹlifíṣọ̀n. Kì í wò ó. Ó kàn fẹ́ kí ẹnìkan máa sọ̀rọ̀ nínú ilé ni.

Oúnjẹ gidi tó ń jẹ láàárín ọ̀sẹ̀, ọwọ́ Ṣọlápé ló ti ń wá. Ṣọlápé ni ìyá àgbà ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ, ọ̀rẹ́ Magdalene tímọ́tímọ́ sì ni nígbà ayé rẹ̀. Àdúgbò Alibon ló ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, Dárasími, tó ń kàwé ní yunifásítì tí Adéwọlé ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti fi wọ́n sílẹ̀ ó ti pẹ́. Láti ìgbà tí Magdalene ti kú, kò sí Sátidé tí kì í gbé ọbẹ̀ wá fún Adéwọlé nínú ike áísìkiriìmù. Kì í wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí, yóò ní, "Bàbá Táyọ̀, ẹ tètè gbé e sí fíríìjì o, ẹ má jẹ́ kó kan," yóò sì sáré padà lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Ní gbogbo Ọjọ́rú, láti aago kan sí aago méjì ọ̀sán, ẹgbẹ́ kan máa ń lo yàrá kékeré tó wà ní òkè kejì nílé ẹ̀kọ́ náà. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LGBT ni: àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àti àwọn mìíràn tí Adéwọlé kò mọ bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n. Hameedah ni olórí wọn, ọmọ àwọn ará Ìbàdàn kan tí wọ́n bí i sí Ilford. Yóò kí Adéwọlé ní Yorùbá, "Ẹ káàsán, sà," ibẹ̀ sì ni Yorùbá rẹ̀ parí sí. Òyìnbó ló kù. Àga méjìlá ló máa ń ní kó tò. Bí mẹ́fà nínú rẹ̀ bá rí ẹni jókòó, wọ́n ti pọ̀ nìyẹn. Adéwọlé kì í dá sí wọn. Yóò to àga tán, yóò bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kẹwàá, Hameedah sọ̀ kalẹ̀ wá sọ fún un pé yàrá náà tutù, pé ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná ti kú. Adéwọlé gbé hítà kékeré kan, ó gun òkè lọ. Ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé. Ẹni mẹ́fà ló wà níbẹ̀, èyí tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nínú wọn sì ni Dárasími, ọmọ Ṣọlápé.

Bí ọmọ náà ṣe rí i, ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Adéwọlé yára bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá ibi tó máa ki wáyà iná bọ̀. Nígbà tó fi máa dìde, Dárasími ti gbé báàgì, ó ti fa kóòtù rẹ̀ yọ lórí àga, ó sì ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde láìkí i. Ọmọ tó jẹ́ pé láti kékeré, bó bá rí i ní òpópónà Heathway, yóò kúnlẹ̀ kí i, kódà bí òjò bá ń rọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, nínú gbọ̀ngàn tí ìjọ wọn ń háyà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham, Adéwọlé wọ sùtánà funfun rẹ̀, ó tan àbẹ́là méje tó wà lórí pẹpẹ. Ó ti di ọdún mẹ́rìnlá tí iṣẹ́ yẹn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó o láyé. Nígbà tó yíjú padà, ó rí Dárasími láàárín àwọn akọrin. Ọmọ náà ń kọrin, ṣùgbọ́n ó ń wo Adéwọlé bí ẹni tó pàdé ajá lọ́nà tí kò sì mọ̀ bóyá ó máa ń gé ni jẹ. Lẹ́yìn ìsìn, ó kúnlẹ̀ kí i pẹ̀lú àwọn yòókù.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, kò wá sí yàrá òkè kejì. Èyí tó tún tẹ̀lé e, kò wá. Adéwọlé máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè, yóò máa ṣe bí ẹni tó ń yẹ kọ́kọ́rọ́ wò, yóò sì máa wo àwọn tó ń kọjá. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, ó dá a lójú pé òun ni ọmọ náà ń sá fún. Ibì kan ṣoṣo tí ọmọ yẹn ti ń la ẹnu sọ̀rọ̀, òun ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ibẹ̀, òun ló sì bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Adéwọlé kì í ṣe ajàfẹ́tọ̀ọ́. Ó ti gbọ́ ìwàásù lórí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, ó sì ti bá wọn ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò fẹ́ lọ. Ọdún 1991 ni, ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Máyọ̀kún, àbúrò rẹ̀, jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà, bàbá wọn sì rí lẹ́tà ìfẹ́ kan tí ọkùnrin kan kọ sí i. Bàbá pe ẹbí jọ sí pálọ̀. Oníkálukú sọ tirẹ̀. Nígbà tó kan Adéwọlé tó jẹ́ àkọ́bí, Máyọ̀kún gbójú sókè wò ó. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Adéwọlé ń wò. Kò bú àbúrò rẹ̀, kò sì gbèjà rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Máyọ̀kún ti kó aṣọ díẹ̀ sínú àpò, ó ti lọ. Ẹnìkan ní òun rí i ní Jos lọ́dún yẹn. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Adéwọlé kò sọ ọ́ fún Magdalene rí, àfìgbà tí àìsàn ti dá ìyẹn dùbúlẹ̀. Magdalene gbọ́ ọ dé òpin, ó wá bi í pé, "Ṣé ẹ wá a?"

Kò wá a.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ó rí Dárasími nínú ilé oúnjẹ yunifásítì, níbi tí ọmọ náà dá jókòó sí tòun ti kóòtù lọ́rùn, tó ń jẹ ìrẹsì nínú kúlà tó gbé wá láti ilé. Adéwọlé ti tún ọ̀rọ̀ náà tò nínú ara rẹ̀ láti àárọ̀. Ó lọ bá a, kò jókòó.

"Dárasími, má bẹ̀rù," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ohun tí mo rí lọ́jọ́sí, inú mi ló máa wà."

Ọmọ náà gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kí lẹ fẹ́, sà?"

"Kí ni mo fẹ́ bíi ti báwo?"

"Ẹ ní inú yín ló máa wà." Omi ti kún ojú rẹ̀. "So kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe fún yín? Please sà, ẹ kàn sọ ọ́."

Ó tó ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kó tó yé Adéwọlé. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta lòun, ọmọ ogún ọdún lọmọ yìí, ohun tó sì gbọ́ lẹ́nu òun ni ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tó mọ àṣírí ọmọ ọlọ́mọ tó sì ti fẹ́ gba nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó ní, "Rárá o. Rárá, ọmọ mi," ó sì rí i pé "ọmọ mi" yẹn tún bà á lẹ́rù sí i. Ó kúrò níbẹ̀. Ó wọ yàrá ìkẹ́rù tí wọ́n ń kó àga sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó. Ó pẹ́ kó tó lè jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kò lè tu ọmọ náà nínú, nítorí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tí gbogbo ayé bá rí nìkan ló lè gbà gbọ́.

Ohun tí gbogbo ayé ń rí sì wà nílé ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà ńlá, pátákó kan wà tí wọ́n lẹ àwòrán àwọn òṣìṣẹ́ mọ́, àwọn tí wọ́n ń pè ní alátìlẹ́yìn: ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ LGBT lè bá sọ̀rọ̀, tí kò ní dójú tì í, tí kò sì ní tú àṣírí rẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n, olùkọ́ àti àwọn ará ọ́fíìsì ni gbogbo wọn. Ojoojúmọ́ ni Adéwọlé ń kọjá níwájú pátákó náà. Ó bi Hameedah léèrè pé ṣé irú òun lè wọ̀ ọ́. Hameedah ní, "Uncle, it's for everybody," ó sì júwe ọ́fíìsì Rosemary fún un.

Rosemary jẹ́ obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí orí rẹ̀ ti funfun tán. Òun ló ń kọ́ àwọn alátìlẹ́yìn lẹ́kọ̀ọ́, ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ náà. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jókòó sí i, Adéwọlé nìkan ló wọ aṣọ iṣẹ́ tó ní àmì lápò. Wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láìdá ẹ̀bi, ohun tí wọn kò gbọdọ̀ béèrè, àti ibi tí wọ́n lè júwe fún ọmọ tí wọ́n bá lé kúrò nílé. Rosemary bi kálukú pé kí ló mú un wá.

Nígbà tó kan Adéwọlé, ó ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó ń sá fún mi. Mo fẹ́ kó dẹ́kun."

Nígbà tí wọ́n parí, Rosemary dá a dúró. Ó ní, "Kì í ṣe dandan kí ẹ gbé àwòrán yín síta. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ẹ ń gbé, ẹ̀yin lẹ mọ àwọn tó yí yín ká. Ẹ rò ó dáadáa."

Adéwọlé ní òun ti rò ó. Abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan máa ń ní ọ̀rọ̀ ṣókí tí onítọ̀hún kọ. Ó ní Yorùbá lòun fẹ́ kọ tòun. Nígbà tí kọ̀ǹpútà Rosemary kò fẹ́ gbé àmì ohùn sí i dáadáa, Adéwọlé gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí páálí: *Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sì fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ.*

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ọjọ́ Tọ́sìdeè tó tẹ̀lé e ni Irewọlé, akọ̀wé àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, wá gba fọ́ọ̀mù nílé ẹ̀kọ́ náà. Ó rí pátákó, ó yà á ní fọ́tò, ó sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìjọ. Kò kọ nǹkan kan sí i ju àmì ìbéèrè mẹ́ta lọ.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Àpọ́sítélì Akínrẹ̀mí pe Adéwọlé sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Ṣọlápé wà níbẹ̀ nítorí òun ni ìyá àgbà. Akínrẹ̀mí kì í ṣe òǹrorò. Ará Ìjẹ̀bú ni, ẹni jẹ́jẹ́, òun ló sì di ọwọ́ Magdalene mú ní ọsibítù títí ẹ̀mí fi bọ́. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán náà sì wà lójú fóònù.

"Bàbá Táyọ̀, ṣé ẹ̀yin rèé?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé wọ́n fi tipá yà yín ni?"

"Rárá, sà. Èmi ni mo ní kí wọ́n yà mí."

Ṣọlápé kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Bàbá Táyọ̀! Kí lẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni? Ta lẹ̀ ń bò?" Ó sún mọ́ ọn. "Mo ní ọmọbìnrin nílé ìwé yẹn o! Ọmọ kan tí mo ní. Mo máa ń fọkàn balẹ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Mo máa ń sọ pé bí nǹkan kan bá fẹ́ ṣe é, Bàbá Táyọ̀ á rí i."

Adéwọlé wo ojú obìnrin náà. Gbogbo ohun tó lè sọ wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí èyí tó ṣe é sọ. Bó bá dákẹ́, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá la ẹnu, ó sọ ọ̀rọ̀ Máyọ̀kún fún wọn: lẹ́tà náà, pálọ̀ náà, bó ṣe ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ jáde lójú ẹni méjì pọ̀ rí. Nígbà tó parí, ó ní, "Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé. Àbúrò mi ni mo gbé àwòrán yẹn síta fún." Kì í ṣe irọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Akínrẹ̀mí mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run á tù yín nínú. Ṣùgbọ́n ẹ lọ yọ ọ́."

"Mi ò lè yọ ọ́, sà."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń tan iná pẹpẹ, Bàbá Táyọ̀."

"Mo mọ̀, sà."

Bẹ́ẹ̀ ni àbẹ́là kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò lé e kúrò nínú ìjọ. Wọ́n kàn ní kó máa jókòó sẹ́yìn títí Ẹ̀mí yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Ẹnìkan yọ ọ́ kúrò lórí WhatsApp. Lọ́jọ́ Àìkú, bó bá jókòó sórí ìlà tó kẹ́yìn, ìlà náà yóò ṣófo láti orí dé ìdí. Àwọn tó máa ń gbé e nínú mọ́tò lọ sílé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́jọ́ Sátidé, ó jókòó sí kíṣíìnì títí aago mẹ́ta fi kọjá, ó sì mọ̀ pé Ṣọlápé kò ní wá. Ó se ẹyin, ó jẹ ẹ́ ní ìdúró.

Nígbà Kérésì, Èyítáyọ̀ pè láti Leeds. Iṣẹ́ kò jẹ́ kó lè wá. Ẹnìkan nínú ìjọ ti fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí i.

"Daddy, is it true? Ẹ̀yin lẹ wà lórí pátákó yẹn?"

"Èmi ni."

Èyítáyọ̀ ní, "Mummy ì bá rẹ́rìn-ín. Ẹ kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò yẹn rárá." Ó béèrè bóyá ara rẹ̀ le, Adéwọlé ní ó le. Ó béèrè bóyá àwọn ará ìjọ ń ṣe dáadáa sí i, Adéwọlé ní wọ́n ń gbìyànjú. Lẹ́yìn tí wọ́n parí, ó yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.

Ó ti ń rò ó nígbà náà pé bóyá òun ti ṣe é lásán. Oṣù Kìíní kọjá, Dárasími kò wá. Àwọn Ọjọ́rú ń lọ, àga méjìlá, ẹni mẹ́rin, ẹni márùn-ún. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá bá a sọ̀rọ̀ pé òun rí àwòrán rẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ kà á, wọn kò sì mọ èdè wo ni.

Nínú oṣù Kejì, lọ́jọ́ tí òjò dídì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń to àga lọ́wọ́ ní òkè kejì nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Dárasími ló dúró síbẹ̀. Kò kúnlẹ̀, kò wọlé.

"Mo ti kà á láti oṣù Kọkànlá," ló kọ́kọ́ sọ. "Mi ò mọ Yorùbá kà dáadáa. Mo ní láti sọ ọ́ jáde lẹ́nu kó tó yé mi."

Adéwọlé gbé àga tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí wọ́n gba àbẹ́là lọ́wọ́ yín," ni ọmọ náà ń bá a lọ. "Inú choir ni mo wà. Mummy wá sílé, ó ń sunkún, ó ń sọ gbogbo nǹkan tí ẹ sọ. Mo mọ̀ pé torí mi ni. Mo jókòó, mi ò sọ nǹkan kan. Every Sunday, mo ń wò yín níbẹ̀ yẹn, lẹ́yìn, ẹ̀yin nìkan, mi ò sì sọ nǹkan kan." Ẹkún gba ohùn rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà."

"Ta ló ní kí o sọ̀rọ̀?" ni Adéwọlé bi í. Ó fẹ́ sọ fún un pé òun mọ bí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí nínú ara, pé ti òun pẹ́ ju ti ọmọ náà lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n Rosemary ti kọ́ wọn pé kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ tiwọn bo ti ọmọ mọ́lẹ̀. Ó kàn ní, "Mi ò retí pé kí o sọ ọ́. Má sọ ọ́ títí ìwọ fúnra rẹ á fi fẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé o kò ní fẹ́ láéláé, kò burú."

Dárasími fi ọwọ́ kóòtù nu ojú. Lẹ́yìn náà ló bá a gbé àga méjì tó kù. Nígbà tí Hameedah àti àwọn yòókù dé, ó ti jókòó. Hameedah ní kí Adéwọlé náà jókòó tì wọ́n, Adéwọlé ní òun dúpẹ́, pé àwọn kan ń dúró de òun nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó ń dúró dè é. Ó kàn rò pé ibẹ̀ kì í ṣe ti òun, pé ó sàn kí ọmọ náà rí ibì kan tí àgbàlagbà ìjọ kò ti wò ó lójú.

Láti ọjọ́ yẹn, Dárasími ń wá ní gbogbo Ọjọ́rú. Yóò kọ́kọ́ yà sí yàrá ìkẹ́rù, wọn yóò jọ sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú márùn-ún: ìdánwò, bọ́ọ̀sì tó pẹ́, òtútù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n bá pàdé, yóò kí i bí àwọn yòókù ṣe ń kí i, láti òkèèrè, yóò sì yára kọjá. Ó yé Adéwọlé. Bí ọmọ náà bá lọ jókòó tì í lórí ìlà yẹn, gbogbo ìjọ yóò mọ̀. Ó yé e, síbẹ̀ ó máa ń dùn ún. Nígbà mìíràn, bí ìsìn bá ń lọ lọ́wọ́, yóò wo ẹni tuntun tó ń tan àbẹ́là, yóò rí i pé ọ̀kan kò gbaná dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì fẹ́ dìde fúnra rẹ̀.

Nínú oṣù Karùn-ún, Àpọ́sítélì Akínrẹ̀mí wá sílé rẹ̀. Ó jókòó, ó mu omi, ó wo àwòrán Magdalene tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ọjọ́ àjọ̀dún ìjọ ti ń sún mọ́, pé ó wu òun kí Adéwọlé tan iná lọ́jọ́ náà. Bó bá lè yọ àwòrán yẹn, gbogbo rẹ̀ ti tán, kò sí ẹni tó máa tún dá a sílẹ̀.

"Ilé yìí ti dákẹ́ jù fún ẹnìkan," ni Akínrẹ̀mí wí. Inú rere ló fi sọ ọ́.

Adéwọlé sin ín dé ẹnu géètì, ó dọ̀bálẹ̀ kí i. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sùn dáadáa. Ó ń ro pẹpẹ náà, ó ń ro òórùn àbẹ́là, ó ń ro ohùn èèyàn tó ń pe orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Furaidé, Rosemary wá bá a pé àwọn fẹ́ tún pátákó ṣe fún ọdún ẹ̀kọ́ tuntun, pé ṣé ó ṣì fẹ́ wà níbẹ̀. Adéwọlé dúró níwájú ojú ara rẹ̀ lára ògiri. Ọmọbìnrin kan tí kò mọ̀ rí ń kọjá, ó dẹsẹ̀ dúró, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń gbìyànjú láti ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ náà jáde, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ níbẹ̀," ni Adéwọlé wí.

Dárasími ṣe ìdánwò ìkẹyìn nínú oṣù Kẹfà. Ó rí iṣẹ́ sí Bristol. Ó wá sọ ọ́ fún Adéwọlé nínú yàrá ìkẹ́rù, inú rẹ̀ ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Kò tíì sọ nǹkan kan fún ìyá rẹ̀. Ó ní bóyá bóun bá ti wà ní ọ̀nà jíjìn, ẹnu òun á gbà á. Bóyá kò sì ní gbà á. Ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn àga tí wọ́n tò léra wọn. Adéwọlé gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà fún un ní ohùn kékeré, ó fà á dìde.

"Tí mo bá pè yín, ṣé ẹ máa gbé e?"

"Èwo ni kí o tún máa béèrè irú ìyẹn? Máa pè."

Nínú oṣù Keje, lọ́jọ́ Sátidé kan, Adéwọlé ń bọ̀ láti Heathway pẹ̀lú búrẹ́dì lábẹ́ apá nígbà tó rí Ṣọlápé ní ibùdókọ̀. Obìnrin náà dá jókòó. Àpò ọjà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń wo títì bí ẹni tí kò sí ohun tó ń kán an lójú. Bí Adéwọlé bá fẹ́ kọjá, ó lè kọjá. Ó dúró.

"Ẹ kú ọjà, Ìyá Dárasími."

Ṣọlápé gbé àpò orí àga náà sílẹ̀, Adéwọlé sì jókòó. Mọ́tò ń kọjá.

"Dárasími ti lọ Bristol," ni obìnrin náà wí.

"Mo gbọ́. Ẹ kú àdáwà."

"Mo ṣì ń sè fún ẹni méjì. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sè fún ẹnìkan." Ó yíjú sí i, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù Kọkànlá. "Ẹ ti rù, Bàbá Táyọ̀."

"Mo wà."

Bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé. Adéwọlé bá a gbé àpò méjèèjì wọlé, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ṣọlápé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kò juwọ́ sí i, kò sì yí ojú kúrò lára rẹ̀ títí bọ́ọ̀sì fi gbéra. Adéwọlé dúró níbẹ̀ títí tí kò fi rí bọ́ọ̀sì náà mọ́, ó wá gba ọ̀nà Goresbrook lọ.